Wyson Kachingwe, Ìwọ Tó Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Láti Bi Ààrá Léèrè

Wyson, àbúrò mi, òjò àkọ́kọ́ ti ń kóra jọ lórí òkè Msondole, ọdún mẹ́ta sì pé lónìí tí a gbé ọ sínú ilẹ̀ pupa yìí.

Wọ́n ní ká má ṣe ìrántí rẹ lásìkò òjò. Wọ́n ní ká ní sùúrù di ìgbà òtútù, nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, tí kò sí ohun tó lè bínú sí wa lókè. Wọ́n ní orúkọ rẹ kò ṣeé pè bí ìkùukùu bá ti ń dúdú. A gbọ́ wọn. A ò gbà. Wyson Kachingwe! A pè é. Wyson Kachingwe, ọmọ ìyá mi! A tún pè é. Ẹni tí ara bá ta, kó wọlé lọ fi aṣọ bo dígí rẹ̀ nítorí ààrá.

Ọdún mẹ́ta! Tadala ọmọ rẹ, tí èmi Felistas ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń pọ̀n lọ sídìí mandasi, àkàrà ìyẹ̀fun tí mò ń dín tà, ti wà ní kíláàsì kejì. Loveness ìyàwó rẹ ti parí yàrá tí o kọ́ dé ìdajì. Òun fúnra rẹ̀ ló po amọ̀, òun ló sun bíríkì. Ọkùnrin kan wá láti ìsàlẹ̀ òkè lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú. Ó jẹ mandasi mi ní àjẹyó, Loveness ń gé bíríkì, kò gbójú sókè. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà rántí pé ilé ń pe òun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé nìkan la wá sọ. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ, Wyson. Lẹ́bàá kànga, lórí kẹ̀kẹ́, nínú ilé ọtí, wọ́n ń sọ pé o kọjá àyè rẹ, pé ohun tó wà lókè ló mú ọ. Nítorí náà, lónìí tí wọ́n wà níbi ibojì rẹ, tí àwọn àlejò sì wà láàárín wọn, jẹ́ ká sọ ìtàn rẹ lójú rẹ, lójú wọn, látìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá purọ́, kí wọ́n dá wa dúró.

Nígbà tí o dé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kíláàsì karùn-ún ni wọ́n fún ọ. Kíláàsì náà kò lórùlé. Ìjì ti ṣí páànù rẹ̀ lọ. Àwọn kan wá, wọ́n fi kámẹ́rà ya ògiri, wọ́n ṣèlérí páànù tuntun, wọ́n jẹ adìyẹ wa, wọ́n lọ. Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá tó dá dúró létí pápá ni wọ́n gbé pátákó ìkọ̀wé sí fún ọ.

Bí ẹni kọ orin ni wọ́n ṣe ń kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé ìwé wa kí o tó dé. Tíṣà á kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ á máa ké e lọ: “Irúgbìn nílò omi! Irúgbìn nílò afẹ́fẹ́! Irúgbìn nílò oòrùn!” Èmi náà ti mọ̀ ọ́n sórí nídìí mandasi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o jẹ́ kí wọ́n ké e tán. O wá bi wọ́n pé, “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Wọ́n ní, “Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Bí tíṣà bá purọ́ ńkọ́?”

Ẹnu ya wọ́n. Tiyamike, ọmọ Mayi Nkhoma, ìyá tó ń ta ẹja usipa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Tíṣà kì í purọ́.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Tíṣà ni.”

Ẹ̀rín tó bú jáde lábẹ́ igi yẹn! Mo gbọ́ ọ títí dé ìdí ààrò mi. Tiyamike fọwọ́ bojú, lẹ́yìn náà òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni o gba àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ wa.

O ní kí kálukú mú hóró ẹ̀wà wá láti ilé. Àwọn ìyá bínú pé ìwọ tíṣà yìí fẹ́ fi ẹ̀wà àwọn se ọbẹ̀. O fi díẹ̀ sínú òwú tútù, díẹ̀ sínú òwú gbígbẹ, o sì fi ìkòkò dúdú de díẹ̀ mọ́lẹ̀, níbi tí oòrùn kò ní rí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ṣí ìkòkò. Ẹ̀wà inú òkùnkùn ti hù! Kíláàsì dàrú. “Tíṣà, pátákó purọ́! Kò rí oòrùn, ó hù!” O ò bínú. Inú rẹ dùn bíi ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. O ní kí wọ́n má yára jó, kí wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Wọ́n wò ó: ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni àìsàn ṣe, ó ga, kò lágbára. “Ẹ rí i,” lo wí, “omi ló jí i. Oòrùn ni yóò jẹ́ kó yè. Pátákó ò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán.”

Ọ̀gá ilé ìwé pè ọ́. Mo wà níbẹ̀, mandasi ló ń rà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Kachingwe, o ń sọ àwọn ọmọ yìí di lọ́yà.”

O ní, “Kí ni wọ́n ṣe, ọ̀gá?”

“Mo ní Tiyamike ló da omi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì mi. Ọmọ náà dúró ṣánṣán, ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀.”

“Báwo wá lẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ọ̀gá?”

Ọ̀gá bu mandasi rẹ̀ jẹ. Ó ní, “Jáde níwájú mi, jàre.” Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń lọ.

O tún wá jí ìyarun mi gbé. O fi yarun dáadáa, o nà án sí bébà tí o fà ya wẹ́wẹ́, bébà sì fò sókè lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ méjì sá kúrò lábẹ́ igi, wọ́n ní oògùn ni. O pè wọ́n padà, o jẹ́ kí gbogbo wọn ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, bébà sì ń fò fún gbogbo wọn. O ní, “Gbogbo yín lẹ ṣe é. Ṣé oṣó ni gbogbo yín?” Wọ́n ní, “Rárá o!” O wá ṣàlàyé fún wọn pé ègé yìnyín kéékèèké inú ìkùukùu ń fara gbo ara wọn bí ìyarun ṣe ń fara gbo irun, pé iná mànàmáná ló ń kóra jọ níbẹ̀, pé bó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ohun tó ga, tó dá dúró, ló sábà máa ń gbà kọjá.

Gbogbo wọn gbójú sókè wo igi ọ̀pọ̀tọ́. Ìwọ náà gbójú sókè. Láti ọjọ́ yẹn ni o ti fi òfin kan lélẹ̀: bí ààrá bá ti kù lókèèrè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró gba àṣẹ, kí wọ́n fi igi sílẹ̀, kí wọ́n sáré wọ ṣọ́ọ̀ṣì. O kọ̀wé béèrè òrùlé. O tún kọ. O kó àwọn ọmọ rìn yíká òkè láti wá gbogbo igi tí ààrá ti bó èèpo rẹ̀. Wọ́n fi eérú ya abúlé wa sí ilẹ̀ pápá, wọ́n fi òkúta sí ojú ibi tí ààrá ti sán. Àwa ń kọjá lórí rẹ̀, a rò pé eré ni.

Ọjọ́ tí Yankho kú kì í ṣe eré.

Kíláàsì kẹta ni Yankho Chisale wà. Tíṣà wọn ò wá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, àwọn ọmọ tìrẹ ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí òjò tó kan ilẹ̀. Àwọn kíláàsì kẹta rí igi ọ̀pọ̀tọ́ yẹn tó ní ewé, wọ́n sá sábẹ́ rẹ̀. O jáde sínú òjò. O ń pariwo, o ń fà wọ́n, o ń tì wọ́n, o kó wọn wọlé. Yankho ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó rántí ife tó fi ń gba ọ̀gì ilé ìwé, tó fi sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó sá padà. Ife lásán!

Ìmọ́lẹ̀ náà fọ́ wa lójú. Nígbà tí a lajú, igi ti là sí méjì, o ti wà lórí eékún nínú ẹrẹ̀, o ń tẹ àyà ọmọ náà, o ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. O ò dúró. Òjò dá, o ò dúró. Bàbá rẹ̀ dé, o ò dúró. Àwọn àgbà ló fà ọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Kí wọ́n tó bo ilẹ̀ ibojì tán, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi. Agogo Ezelina, ìyá àgbà yẹn! Ta ni ì bá tún jẹ́? Opó tó ń dá gbé lẹ́yìn pápá, tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ máa ń já sínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, bọ́ọ̀lù Yankho fọ́ ìkòkò rẹ̀, ó sì pariwo lé e pé, “Ọ̀run á mú ọ lọ́jọ́ kan!” Gbogbo ènìyàn ló gbọ́. Ó ti tó wọn. Wọ́n gbéra láti ibi ìsìnkú, ọ̀sán gangan, wọ́n kọjá níwájú mi. Bambo Chisale, bàbá Yankho, ló ṣáájú, kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ ti débẹ̀ ṣáájú wọn. O na apá méjèèjì, o fi dí ẹnu ọ̀nà màmá yẹn.

“Tíṣà, kúrò lọ́nà,” Bambo Chisale wí.

“Mi ò kúrò.”

“Ọmọ ẹ la sin?”

“Kì í ṣe ọmọ mi. Àmọ́ ọwọ́ mi ló kú sí, bàbá Yankho.”

Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí! Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

“Èmi ni mi ò mọ̀,” lo dáhùn. “Ẹni tó bá mọ̀, kó jáde síbí, kó sọ bó ṣe mọ̀.”

“Ó tún ti bẹ̀rẹ̀! Ìwé ti yí i lórí!”

Ẹnì kan ju òkúta. Ó bà ọ́ níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn wọ ojú rẹ. Mo ti sáré dé, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń ké pé, “Wyson! Kúrò níbẹ̀! Wọ́n á sun ọ́ mọ́ ọn!” O wò mí pẹ̀lú ojú kan tí ẹ̀jẹ̀ ò tíì dí. O ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ sílé, epo yín á jóná.” Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn lẹ́nu ẹni tí wọ́n fẹ́ sun!

Nígbà náà ni a gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀. Kíláàsì karùn-ún. Gbogbo wọn. Aṣọ ilé ìwé wọn ṣì wà lọ́rùn wọn láti ibi ìsìnkú. Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni, wọn ò sunkún. Wọ́n gba àárín àwọn àgbà kọjá, wọ́n jókòó sílẹ̀ yí ilé náà ká, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọmọ wọn. Kò sí ọmọ tó dìde.

Mfumu, olórí abúlé wa, dé bẹ́ẹ̀. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo àwọn ọmọ. Ó ní, “Ta ló rán yín wá?”

Tiyamike dìde. “Kò sẹ́ni tó rán wa, Mfumu. Ẹ jọ̀ọ́, a ní ìbéèrè kan. Ààrá tó bó igi yín lọ́dún èṣí, ta ló rán an?”

“Kò sẹ́ni tó rán an. Òjò ni.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Àwọn obìnrin fọwọ́ bo ẹnu. Mfumu ní, “Nítorí pé kò pa ẹnikẹ́ni.”

“Tó bá pa igi, òjò ni. Tó bá pa ènìyàn, ẹnì kan ló rán an. Ṣé ààrá méjì ló wà ni, Mfumu?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára pa á mọ́ra. Tiyamike ń bá a lọ. Ó ní àwọn ti rin gbogbo òkè yìí. Gbogbo igi tí ààrá bó, igi gíga tó dá dúró ni. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan wà lóko Mfumu. Ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ Bambo Chisale fúnra rẹ̀. “Kò sí ẹyọ kan lóko Agogo,” ó wí, “torí ẹ̀gẹ́ ló gbìn. Ẹ̀gẹ́ ò ga.”

Ó wá yíjú sí bàbá Yankho. Ohùn rẹ̀ já wálẹ̀. “Bambo, abẹ́ igi ni Yankho wà. Àwa tá a wà nínú ilé, kò sí ohun tó ṣe wá. Ká ní ilé ìwé wa ní òrùlé ni, inú ilé ni òun náà ì bá wà.”

Bambo Chisale dúró bí òpó. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀, kò sì pariwo mọ́. “Tíṣà, gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ò ṣí.”

O lọ bá a. O tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára kẹ́ẹ̀gì. Ó ṣubú lé ọ léjìká, ó sunkún tí a kò rí i sun níbi ìsìnkú.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà. Àwọn kan pòṣé, wọ́n ń lọ, wọ́n ní àwọn á rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí. Agogo Ezelina yọjú síta, ó wo gbogbo wọn látòkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ ti tẹ ẹ̀gẹ́ mi pa.” Ó yíjú sí ọ: “Ìwọ, wọlé wá bọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ẹnu ọ̀nà mi.” Màmá yẹn! Bí wọ́n ṣe fẹ́ sun ún, kò bẹ ẹnikẹ́ni!

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa, òrùlé tó wà lórí kíláàsì karùn-ún lónìí, àwọn tó wá fi kámẹ́rà ya ògiri kọ́ ló mú un wá. Bambo Chisale ló tú páànù ilé ìdáná rẹ̀, ó rù ú wá. Lẹ́yìn tirẹ̀, ẹni tó ní méjì mú ọ̀kan wá. Aláwọ̀ púpọ̀ ni òrùlé náà, ó jọ aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Ìwọ wá ní òrùlé nìkan kò tó. O lọ sí Lilongwe, olú ìlú wa, o ru wáyà bàbà bọ̀ léjìká, o ní ọ̀pá irin ni yóò wà lórí òrùlé, wáyà náà yóò gba ara rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, kí ààrá lè rí ọ̀nà mìíràn gbà yàtọ̀ sí ara ọmọ ènìyàn.

Bambo Mtsuko, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ni kò gbà. Ó ní, “Kachingwe, o ń na ọ̀kọ̀ sí Ọlọ́run.”

O ní, “Bàbá, ta ló dá bàbà?”

Ó ní ẹnu rẹ ni yóò pa ọ́.

Ìyẹn ni wọ́n dì mú títí di òní. Torí pé kí o tó gbé ọ̀pá náà sókè, o ṣubú nídìí oúnjẹ. Ọ̀sán ni. Oòrùn ń ta ganrínganrín, kò sí ìkùukùu tó tó àtẹ́lẹwọ́ lójú ọ̀run. O jókòó ti nsima rẹ, o sọ fún Loveness pé orí ń fọ́ ọ, ó sì parí. Kó tó dilẹ̀, ariwo ti gba òkè: ààrá láìsí òjò! Ohun tó wà lókè ti mú un! Ó yájú sí ọ̀run!

Irọ́ ni! A sọ ọ́ nígbà yẹn, a tún ń sọ ọ́ lónìí. Irọ́ gbuu! Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ọ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún ọ pé ó ga. Oògùn tán ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí o padà wá. O padà lọ, kò sí. O tún padà lọ, kò sí. Ohun tó pa ọ́ nìyẹn! Ẹni tó bá fẹ́ bínú, ibẹ̀ ni kó bínú sí. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti bẹ̀rù ojú ọ̀run ju kí wọ́n béèrè ibi tí oògùn gbà.

Bambo Mtsuko dìde níbi ìsìnkú rẹ. Ó ní gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹni tó bá tutọ́ sókè, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á. Àwọn ènìyàn ń mi orí.

Tiyamike na ọwọ́ rẹ̀ sókè.

Níbi ìsìnkú! Ó na ọwọ́ sókè tààrà, bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Alàgbà bi í pé, “Kí lo fẹ́, ọmọ yìí?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Ọkùnrin kan jágbe mọ́ ọn pé kó fọwọ́ sílẹ̀. Kò fi sílẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na tirẹ̀. Òmíràn nà. Gbogbo kíláàsì rẹ, Wyson, ọwọ́ sókè yí ibojì rẹ ká, wọ́n ń dúró de èsì. Bambo Chisale na ọwọ́. Agogo Ezelina gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sókè torí apá ń dùn ún. Èmi náà nà. Alàgbà Mtsuko wo àwọn ọwọ́ yẹn, ó wá ojú ìwé nínú Bíbélì rẹ̀, kò rí i. Ó ní ká kọ orin. Orin là ń kọ tí a fi bò ọ́.

Gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ látìgbà náà, kí inú rẹ lè dùn.

Ọ̀pá irin rẹ wà lórí òrùlé! Bambo Chisale ló gùn ún, lówùúrọ̀ tí ojú ọ̀run mọ́, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ́ ọ. Wọ́n pariwo lé e láti ìsàlẹ̀, ó ní ẹni tó bá lè gbé ọmọ òun jí kó wá dá òun dúró. Ọmọ-ọmọ Alàgbà Mtsuko wà nínú kíláàsì náà lónìí, abẹ́ ọ̀pá yẹn ló jókòó sí, alàgbà fúnra rẹ̀ ló ń mú un wá lówùúrọ̀. A ò bi í ní ohunkóhun. A kàn ń kí i.

Agogo Ezelina kú lọ́dún tó kọjá. Lórí ibùsùn rẹ̀! Lábẹ́ koríko òrùlé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sun! Ikú ọjọ́ ogbó ló kú, ó ń bú àwọn ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ títí dé òpin.

Lóṣù kìíní, ààrá kan sán lórí ilé ìwé tí gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ nínú ọjà. A sáré débẹ̀. Àwọn ọmọ wà nínú ilé, odindi, wọ́n ti ń jà. Àwọn kan ní ọ̀pá ló gba ààrá náà. Àwọn yòókù ní ta ló rí i, bóyá orí òkè ló bọ́ sí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ọ̀pá tíṣà ni, kí ẹnu àwọn ọ̀tá lè pa dé.” Wọ́n wò mí bí ẹni tó wí ohun ìtìjú. Wọ́n ní, “Mayi Felistas, a ò tíì mọ̀. A ń wádìí.” Ọ̀rọ̀ mi kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn! Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì sunkún.

Tiyamike wọ ilé ìwé girama ní ìsàlẹ̀ òkè. Tó bá dé fún ìsinmi, ó máa ń jókòó tì mí. Ó ní kí n po ìyẹ̀fun kan sí oòrùn, kí n po òmíràn sí òjìji, ká wo èyí tí yóò kọ́kọ́ wú. Èmi àgbà yìí, mò ń ṣe é! Tíṣà tuntun tí wọ́n gbé wá rò pé orin la tún máa padà sí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó wá bá mi, ó ní, “Mayi, ta ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ yìí tẹ́lẹ̀? Wọn ò jẹ́ kí n mí.” Mo fi ibojì rẹ hàn án. Ó ti ń béèrè fún òwú àti ẹ̀wà báyìí.

Nítorí náà, ẹ máa sọ ọ́ lẹ́bàá kànga. Ẹ máa sọ ọ́ nínú ilé ọtí. Abéèrè kì í ṣìnà, àwọn ọmọ tó ń béèrè sì ti pọ̀ jù lórí òkè yìí báyìí fún ẹnikẹ́ni láti pa lẹ́nu mọ́.

Àmọ́ ká má tan ara wa, àbúrò mi. Òkúta tí a gbé sórí rẹ lónìí wuwo, àyà wa sì wuwo jù ú lọ. Ìrọ̀lẹ́ àná, Tadala wà lẹ́yìn ilé, ó ń wo alángbá tó gbàgbé ìrù rẹ̀ sílẹ̀ tó sá lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Wyson, ẹ̀rín rẹ ni! Bí o ṣe máa ń fa èémí wọlé kí o tó tú u sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe é. Loveness ju ọkọ́ sílẹ̀. A dúró síbẹ̀, àwa méjèèjì, a ò lè wo ojú ara wa. Ọmọ náà ní kí ló dé. A ní kò sí. Ó ní irọ́ la ń pa, ojú wa tutù. A wá sọ fún un: bàbá rẹ là ń ṣàárò.

A ń ṣàárò rẹ, Wyson. A ń ṣàárò rẹ nínú òjò, a ń ṣàárò rẹ nínú oòrùn, a ó sì máa pariwo rẹ̀ níbikíbi tó bá wù wá. A fẹ́ràn rẹ lánàá. A fẹ́ràn rẹ lónìí. Kí òjò máa bọ̀. A ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.